Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn ni wọ́n fi mú wọn: bí èrò tuntun ṣe bi ìjọba kọ́múníìsì wó

Bí èèyàn bá béèrè pé kí ló bi ìjọba kọ́múníìsì wó ní Yúróòpù, owó ni ọ̀pọ̀ máa kọ́kọ́ dárúkọ. Wọ́n á ní owó tán lápò wọn, Amẹ́ríkà fi ohun ìjà ta wọ́n yọ, ọjà wọ́n nílé ìtajà, ó parí. Òótọ́ wà níbẹ̀, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n láàárín 1932 sí 1933, ìyàn pa ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù èèyàn ní Ukraine àti láwọn ibòmíì lábẹ́ ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì, Stalin ò mira lórí àga. Láàárín 1959 sí 1961, ìyàn tó burú ju ìyẹn lọ jà ní Ṣáínà, Mao ò kúrò níbi tó wà. Láàárín ọdún 1990 sókè, ebi gbẹ̀mí èèyàn rẹpẹtẹ ní Kòríà Àríwá, ìdílé Kim ló ṣì ń ṣèjọba níbẹ̀ títí dòní. Ní Jámánì Ìlà-Oòrùn lọ́dún 1989, ẹ̀wẹ̀, kò sẹ́ni tí ebi ń pa kú. Wọ́n nílé, wọ́n níṣẹ́, ọmọ wọn ń lọ sílé ìwé. Oṣù mélòó kan péré ni ìjọba wọn fi dàwátì.

Nítorí náà, ìṣẹ́ nìkan kọ́ ló ń lé irú ìjọba bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbàgbọ́ ló kọ́kọ́ kú, ó sì kú lọ́kàn àwọn tó ń ṣèjọba gan-an kó tó di pé wọ́n gbé ọwọ́ sókè. Ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé níbí ni bí èrò tuntun ṣe pa á. Ohun tó sì máa ń yà mí lẹ́nu jù nínú ìtàn náà ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú èrò wọ̀nyí kì í ṣe ti ọ̀tá. Ìlérí àwọn kọ́múníìsì fúnra wọn ni, tí àwọn èèyàn kàn ní kí wọ́n mú ṣẹ.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí wọ́n gbà gbọ́. Ẹ̀kọ́ tí Karl Marx àti Friedrich Engels gbé jáde ní 1848 kò le tó bí àwọn ọ̀mọ̀wé ṣe máa ń mú un le. Wọ́n ní láti ọjọ́ tó ti pẹ́ ni ìjà ti wà láàárín ẹni tó ní ohun ìní àti ẹni tí kò ní ju agbára apá rẹ̀ lọ. Wọ́n ní ọjọ́ ń bọ̀ tí òṣìṣẹ́ máa gba ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ olówó, tí ohun ìní máa di àjọni, tí olówó àti tálákà máa di ọ̀kan náà, tí ìjọba pàápàá máa rọra pòórá nítorí kò ní níṣẹ́ tó ń ṣe mọ́. Lenin wá fi tiẹ̀ kún un ní Rọ́ṣíà. Ó ní bí a bá ń dúró de òṣìṣẹ́ kó lajú fúnra rẹ̀, a máa pẹ́ níbẹ̀. Àfi kí àwọn tó ti mọ ọ̀nà kóra wọn jọ di ẹgbẹ́, kí wọ́n sì ṣáájú. Ẹgbẹ́ yẹn ló gbàjọba ní 1917, ìjọba tó gbé kalẹ̀ la wá mọ̀ sí Sófíẹ́ẹ̀tì.

(Àwọn kan máa ń da èyí pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ irú èyí tó wà ní Swídìn tàbí ní Ìlú Ọba, tàbí mọ́ àwọn olórí NLC tiwa tí à ń pè ní kọ́mírédì. Wọ́n bára tan, wọn kì í ṣe ìkan náà. Ẹgbẹ́ tó ń du ìbò, tí wọ́n bá sì fìdí rẹ̀ rẹmi tó máa ń kó ẹrù rẹ̀ lọ sílé, kọ́ là ń sọ níbí.)

Ọba ń jọba nítorí pé ìdílé rẹ̀ ló kàn. Ààrẹ ń ṣèjọba nítorí pé wọ́n dìbò fún un. Ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Ohun tó ń tọ́ka sí ni ìmọ̀: òun ló mọ ibi tí ayé ń lọ. Ẹni tó bá ta kò ó kì í ṣe ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀, yálà ó ṣìnà ni tàbí ó jẹ́ ọ̀tá. Irú ìjọba yìí lágbára gidi nígbà tí àwọn èèyàn bá gbà á gbọ́, torí ọmọlẹ́yìn rẹ̀ lè kú sí i. Àmọ́ ìbàdí rẹ̀ wà níta. Ọba tó ṣàṣìṣe, ọba náà ni. Ẹgbẹ́ tó ní òun ń ṣàkóso nítorí pé òun mọ̀, lọ́jọ́ tó bá hàn pé kò mọ̀, kí ló kù tó máa fi jókòó?

Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n sì fi ṣí ìbàdí náà. Ní ọjọ́ 25 oṣù Kejì 1956, Nikita Khrushchev, tó gorí oyè lẹ́yìn Stalin, ní kí wọ́n ti ilẹ̀kùn níbi àpérò ńlá ẹgbẹ́ ní Moscow, ó sì fi wákàtí bíi mẹ́rin sọ̀rọ̀. Ó sọ pé Stalin tí wọ́n ń wárí fún bí òrìṣà jẹ́ apànìyàn. Ó ka iye wọn fún wọn: nínú àwọn 139 tí wọ́n yàn sí ìgbìmọ̀ àpapọ̀ ẹgbẹ́ ní 1934, 98 ni wọ́n mú tí wọ́n sì yìnbọn pa. Àwọn tó ń gbọ́ ọ mọ̀ pé àwọn náà lọ́wọ́ nínú rẹ̀, Khrushchev pàápàá sì lọ́wọ́ nínú rẹ̀. Ó rò pé bí òun bá da gbogbo ẹ̀bi lé òkú lórí, ẹgbẹ́ á mọ́. Ọ̀rọ̀ náà jo síta, kò sì pé ọdún tí àwọn ará Hungary fi dìde, tí Sófíẹ́ẹ̀tì sì fi ọkọ̀ ogun tẹ̀ wọ́n rì. Nílẹ̀ Yúróòpù Ìwọ̀-Oòrùn, àwọn tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé wọn sin ẹgbẹ́ ń dá káàdì padà. Ìbéèrè wọn kò nídàáhùn: bí ẹgbẹ́ bá ń ṣìnà fún ọgbọ̀n ọdún tí kò mọ̀, ta ló wá sọ pé kò ṣì ń ṣìnà lónìí?

Ní 1961, Khrushchev yìí kan náà tún dá ọjọ́. Ètò tuntun tí ẹgbẹ́ gbà wọlé lọ́dún náà sọ pé ìran tó wà láyé nígbà yẹn máa gbé nínú kọ́múníìsì gidi, tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ máa ti dúró tó bá fi máa di 1980. Ẹni tó bá ń ṣèlérí, kó má dá ọjọ́! Nígbà tí 1980 pé, ìdíje Òlíńpíìkì ló dé sí Moscow. Àwọn ará ìlú ní kọ́múníìsì tí wọ́n ṣèlérí fún àwọn ni wọ́n fi Òlíńpíìkì pààrọ̀ rẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ ajé, àtakò tó jinlẹ̀ jù ti wà láti 1920. Ludwig von Mises, onímọ̀ ọrọ̀ ajé ní Vienna, ní ìjọba tó bá gba gbogbo nǹkan sọ́wọ́ kò ní mọ ohun tí nǹkan kan tó. Friedrich Hayek tún tú u síwájú sí i ní 1945. Bí mo bá ní kí n sọ ọ́ bó ṣe yé mi: bí òjò bá ba ojú ọ̀nà jẹ́ ní òkè Ọya, owó tòmátì á gbẹ́nu sókè ní Mile 12. Ìyá tó ń se ọbẹ̀ tà ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́nà, kò sì nílò láti mọ̀ ọ́n. Ó rí iye owó, ó dín tòmátì kù, ó fi tàtàsé kún un. Iye owó ti jíṣẹ́ fún un. Ní Moscow, ọ́fíìsì ló ń dá iye owó lé nǹkan, ilé iṣẹ́ ètò tí wọ́n ń pè ní Gosplan sì ń sọ fún ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ohun tó máa ṣe àti iye tó máa ṣe. Ìwé ìròyìn ẹ̀fẹ̀ wọn, Krokodil, ya àwòrán ìṣó kan ṣoṣo tó tóbi bí ilé, tí ọ̀gá ilé iṣẹ́ sì ń yọ̀ pé àwọn ti ṣe ìwọ̀n tí ìjọba ní káwọn ṣe lóṣù náà. Bí wọ́n bá fi ìwọ̀n ṣe òdiwọ̀n iṣẹ́, ìṣó ńlá ni wọ́n máa ṣe. Bí wọ́n bá fi iye ṣe é, ìṣó wẹ́wẹ́ tí kò wúlò.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ìwé Hayek ló wó odi Berlin, ògiri tó pín ìlú náà sí méjì. Ìwé òfin dè ni lọ́hùn-ún, ìwọ̀nba èèyàn ló rí i kà. Àwọn tí ọ̀rọ̀ náà yé jù ni àwọn tí iṣẹ́ wà lọ́wọ́ wọn. Ní ìparí 1978, ní abúlé Xiaogang ní ẹkùn Anhui ní Ṣáínà, níbi tí ìyàn ti ṣe wọ́n bí ọṣẹ ṣe ń ṣojú, àgbẹ̀ 18 kóra jọ lálẹ́. Wọ́n pín oko àjọni láàárín ìdílé. Kálukú máa san ti ìjọba, èyí tó bá kù di tirẹ̀. Wọ́n tẹ ìka sí ìwé, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí wọ́n bá ti àwọn aṣáájú mọ́lé tàbí wọ́n pa wọ́n, àwọn tó kù máa tọ́ ọmọ wọn títí wọ́n á fi pé ọmọ ọdún 18. Kò sí ẹnì kankan nínú wọn tó ka Hayek. Ọdún tó tẹ̀ lé e, aká kún. Ìjọba tó yẹ kó fìyà jẹ wọ́n wò ó, ó rí i pé oúnjẹ wà, Deng Xiaoping, tó ń darí Ṣáínà nígbà náà, sì jẹ́ kó tàn kálẹ̀.

Ní Yúróòpù, ibòmíì ni iná ti ràn, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ ká dúró sí díẹ̀.

Ní oṣù Kìíní 1968, Alexander Dubček di olórí ẹgbẹ́ ní Czechoslovakia, ó sì ní àwọn fẹ́ sóṣíálíìsì tó lójú àánú. Wọ́n mú ọwọ́ kúrò lẹ́nu àwọn oníwèé ìròyìn. Kọ́múníìsì lòun náà, kò sọ pé òun fẹ́ kúrò nínú ẹgbẹ́. Lóru ọjọ́ 20 mọ́jú ọjọ́ 21 oṣù Kẹjọ, ọkọ̀ ogun Sófíẹ́ẹ̀tì àti ti àwọn alájọṣe rẹ̀ wọlé sí Prague, olú ìlú wọn. Látọjọ́ yẹn, ìgbàgbọ́ pé a lè tún ilé náà ṣe láti inú kú lọ́kàn ọ̀pọ̀ àwọn tó fọkàn sí i jù.

Ní oṣù Kẹjọ 1975, orílẹ̀-èdè 35 pàdé ní Helsinki ní Finland, wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn kan. Ohun tí Brezhnev, olórí Sófíẹ́ẹ̀tì nígbà náà, ń wá níbẹ̀ ni kí gbogbo ayé gbà pé ààlà ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì ò ní yẹ̀. Ó rí i gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn bọ inú rẹ̀: òmìnira ìrònú, òmìnira ẹ̀sìn. Moscow ò kà á kún. Ìwé lásán, ta ló máa bi wọ́n? Wọ́n tiẹ̀ tẹ gbogbo rẹ̀ sínú Pravda, ìwé ìròyìn ẹgbẹ́. Kò pé ọdún kan tí Yuri Orlov, onímọ̀ físíìsì, kó àwọn èèyàn díẹ̀ jọ ní Moscow. Iṣẹ́ wọn kò ju kí wọ́n máa kọ ibi tí ìjọba ti rú àdéhùn tó fọwọ́ ara rẹ̀ sí. Wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n. Ní oṣù Kìíní 1977, àwọn tó lé ní 200 ní Czechoslovakia fọwọ́ sí ìwé kan tó jọ bẹ́ẹ̀, Charter 77. Wọn ò dá ẹgbẹ́ òṣèlú sílẹ̀, wọn ò gbé ìbọn. Ohun tí wọ́n sọ ni pé ẹ ti kọ ọ́ sínú òfin yín, ẹ ṣe é.

Ẹ rò ó wò. Kí ni ìjọba máa dá wọn lóhùn? Tó bá ní irọ́ ni wọ́n ń pa, ìwé rẹ̀ rèé. Tó bá tì wọ́n mọ́lé, ó ti jẹ́rìí fún wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó fọwọ́ sí i ni Václav Havel, òǹkọ̀wé eré orí ìtàgé. Ní 1978 ó kọ àròkọ kan tí wọ́n ń fi tàpúráítà dà kọ, tí wọ́n ń pín láti ọwọ́ dé ọwọ́. Ó ní ká wo ọkùnrin kan tó ń ta ẹ̀fọ́. Láàárín àlùbọ́sà àti kárọ́ọ̀tì tó pàtẹ sójú fèrèsé, ó gbé pátákó kan síbẹ̀: “Òṣìṣẹ́ gbogbo ayé, ẹ para pọ̀!” Ṣé ó gbà á gbọ́ ni? Kò tiẹ̀ rò ó rí. Láti ọ́fíìsì ni wọ́n ti kó o wá pẹ̀lú àlùbọ́sà. Ó gbé e síbẹ̀ kí wọ́n má bàa yọ ọ́ lẹ́nu ni. Obìnrin tó wá ra ẹ̀fọ́ ò kà á, òun náà ti kọ́ tirẹ̀ sí ibi iṣẹ́. Kálukú mọ̀ pé ẹnìkejì ò gbà á gbọ́, kálukú sì ń ṣe bí ẹni tó gbà á gbọ́. Havel ní gbogbo agbára ìjọba náà kò ju ìyẹn lọ. Bí ọkùnrin yìí bá yọ pátákó rẹ̀ lọ́jọ́ kan, wọ́n lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọmọ rẹ̀ lè má wọ yunifásítì mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Mi ò tíì rí àlàyé tó là mí lójú tó èyí nípa ìdí tí ìjọba tó ní ọlọ́pàá inú tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ fi lè wó láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ọ̀pọ̀ pátákó ló kúrò lójú fèrèsé lẹ́ẹ̀kan náà.

Pólàńdì ni ọ̀rọ̀ ti dé ojú ọgbẹ́. Ní oṣù Kẹjọ 1980, ní Gdańsk, ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi daṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé wọ́n lé Anna Walentynowicz, obìnrin tó ń wa ẹ̀rọ agbẹ́rù, lẹ́nu iṣẹ́ nígbà tó ku oṣù márùn-ún kó fẹ̀yìn tì. Orúkọ ibi iṣẹ́ náà, Lenin ni. Wọ́n kọ ohun 21 tí wọ́n ń béèrè sára pákó, wọ́n fi kọ́ ẹnu géètì. Èkíní ni pé káwọn ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ tó dá dúró, wọ́n sì tọ́ka sí àdéhùn àjọ òṣìṣẹ́ àgbáyé, nọ́ńbà 87, tí ìjọba Pólàńdì fúnra rẹ̀ ti fọwọ́ sí. Ẹ̀kẹta ni kí ìjọba pa òfin orílẹ̀-èdè mọ́ lórí òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Ẹgbẹ́ Solidarność tó jáde níbẹ̀ ní ọmọ ẹgbẹ́ bíi mílíọ̀nù 10. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 1981, ológun kó wọn. Ìjọba tó ń pe ara rẹ̀ ní ìjọba òṣìṣẹ́ ló kọjú ìbọn sí òṣìṣẹ́. Kò sí ìwé Marx tó lè bá wọn wí ìyẹn mọ́.

Nígbà tí Mikhail Gorbachev dé orí àga ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ní oṣù Kẹta 1985, gbogbo èyí ti rọ́ jọ níwájú rẹ̀. Kò fẹ́ wó ilé. Lenin ló ń tọ́ka sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó rò pé bí òtítọ́ bá jáde, ẹgbẹ́ á tún gbilẹ̀. Nígbà tí wọ́n bi Gennadi Gerasimov tó ń gbẹnu sọ fún ìjọba rẹ̀ pé kí ni ìyàtọ̀ láàárín ohun tí Gorbachev ń ṣe àti ohun tí Dubček ṣe, ó ní ọdún 19 ni.

Wọ́n jẹ́ kí oníwèé ìròyìn sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni òtítọ́ ò sì mọ ibi tí wọ́n ní kó dúró sí. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ látorí Stalin, wọ́n dé orí Lenin. Ní 1988, ìjọba fagi lé ìdánwò ìtàn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ káàkiri orílẹ̀-èdè, torí irọ́ tó wà nínú ìwé tí wọ́n fi kọ́ wọn ti pọ̀ jù. Ẹ fojú inú wo olùkọ́ tó fi ogún ọdún kọ́ ọmọ ní ìtàn náà. Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹjọ 1989, nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì èèyàn ní Estonia, Latvia àti Lithuania di ọwọ́ mú lọ́nà tó gùn ju kìlómítà 600 lọ, nítorí àdéhùn ìkọ̀kọ̀ tí Stalin bá Hitler ṣe ní 1939 lórí ilẹ̀ wọn. Moscow ti ń sẹ́ ẹ fún àádọ́ta ọdún. Oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n tó gbà pé ó wà. Ní oṣù Kẹta 1990, wọ́n yọ ìlà tó sọ pé ẹgbẹ́ ló máa ṣáájú kúrò nínú òfin. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá 1991, ìjọba Sófíẹ́ẹ̀tì ti kásẹ̀ nílẹ̀.

Ibi tí àwọn tó ń sọ pé èrò nìkan ló ṣe gbogbo rẹ̀ ti máa ń ṣìnà nìyí: èrò kì í dá ìbọn dúró. Ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹfà 1989, Pólàńdì dìbò, Solidarność sì kó 160 nínú ìjókòó 161 tí wọ́n jẹ́ kí wọ́n dù ní ilé aṣòfin kékeré. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni àwọn ológun yìnbọn pa àwọn èèyàn ní Beijing, olú ìlú Ṣáínà. Àwọn ọ̀dọ́ Ṣáínà náà ní èrò tuntun lórí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé Gorbachev ti sọ fún ayé pé orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló máa yan ọ̀nà tirẹ̀, Deng ò sọ bẹ́ẹ̀. Ó gba èrò ọjà, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ tòótọ́. Vietnam náà tọ ọ̀nà bẹ́ẹ̀ láti 1986. Ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, orúkọ wà níbẹ̀, olówó rẹpẹtẹ sì wà níbẹ̀ tí Marx ò bá dá mọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí dé ẹnu ààlà wa náà. Mathieu Kérékou gbàjọba ní Dahomey ní 1972, ní oṣù Kọkànlá 1974 ló kéde ní Abomey pé ẹ̀kọ́ Marx àti Lenin ni ìlú máa tẹ̀ lé, ọdún kejì ni wọ́n yí orúkọ ìlú padà sí Benin. Ìwé ìròyìn ìjọba ń jẹ́ Ehuzu, ìyípadà lédè Fọ̀n.  Nígbà tó fi máa di 1989, báńkì ìjọba ti dẹnu kọlẹ̀, oṣù ń gun oṣù láìsí owó iṣẹ́, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kejìlá 1989, kò tíì pé oṣù kan tí odi Berlin ṣí, Kérékou kéde pé àwọn ò ṣe Marx àti Lenin mọ́.

Ní oṣù Kejì 1990, nǹkan bíi 500 aṣojú pé jọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kútọnu, Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza sì jókòó sí ipò alága. Kérékou rò pé ìmọ̀ràn ni wọ́n wá fún òun. Wọ́n kéde pé ohun tí àwọn bá fẹnu kò lé lórí di àṣẹ, wọ́n fi Nicéphore Soglo ṣe olórí ìjọba fìdí-hẹ. Lẹ́yìn ìjà díẹ̀, Kérékou gbà. Ọdún kejì, Soglo fi ìbò lù ú. Àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tó ń sọ Faransé ní Áfíríkà, Togo àti Congo wà lára wọn, ṣe irú àpérò náà lẹ́yìn Benin, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò rí bákan náà fún gbogbo wọn. Kérékou padà wá ní 1996, ó gbé ara rẹ̀ kalẹ̀ fún ìbò, ó sì wọlé. Lórí ọ̀rọ̀ Ọlọ́run ló gbẹ́nu lé nígbà yẹn.